Mo yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, máàkì ṣéènì ò bára mu mọ́: ṣé kí n tún un tú ni?

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ba nǹkan jẹ́. Ẹ́ńjìnnì oní-piston mẹ́rin ni, camshaft méjì (ọ̀pá tó ń ṣí valve, ìyẹn ìdérí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín) wà lórí rẹ̀, ṣéènì kan ṣoṣo ló so wọ́n mọ́ crankshaft, ọ̀pá tí piston ń yí nísàlẹ̀. Ó ń jẹ ọ́ìlì, mo bá tú u palẹ̀, mo pààrọ̀ ring àti gásíkẹ́ẹ̀tì, mo sì fi timing chain tuntun sí i. Nígbà tí mo ń so ó, ojú ṣéènì mẹ́ta tí wọ́n kùn láwọ̀ bọ́ sórí máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́lẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Mo wá fi sípánà yí crank lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ojú aláwọ̀ ti sá lọ! Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, mi ò tiẹ̀ rí méjì yòókù. Máàkì camshaft ti afẹ́fẹ́ wà nípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ti èéfín fi bí ìdajì eyín yẹ̀. Bí mo ṣe ń yí i, á wúwo, á tún fúyẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Gìrìsì-lọ́wọ́:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀ lórí ti ojú aláwọ̀. Ọjọ́ tí a bá ń so ṣéènì nìkan niṣẹ́ rẹ̀ mọ. Eyín mélòó ló wà lára crank àti camshaft? Ojú mélòó ni ṣéènì?

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́:
Crank ní 18, camshaft kọ̀ọ̀kan ní 36. Ojú ṣéènì jẹ́ 150. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Gìrìsì-lọ́wọ́:
Ó dáa. Crank gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí camshaft tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí eyín tòkè fi jẹ́ ìlọ́po méjì tìsàlẹ̀. Lẹ́yìn yíyí méjì yẹn, máàkì ara irin ti padà sípò, ṣùgbọ́n ojú 36 péré ni ṣéènì rìn nínú 150. Ó di ìgbà tí crank bá yí nígbà 50 kí àwọ̀ àti máàkì tó tún pàdé. Bí apá rẹ bá gbà á, máa yí i lọ, a ń wò ọ́. Máàkì ara irin ni kí o máa wò.

Bàbá Sípánà:
Ti àwọ̀ ti parí. Ìdajì eyín yẹn ló yẹ kó já ọ láyà. Ṣéènì kì í fo ìdajì eyín. Bí o bá rí ìdajì, ó dẹ̀ níbì kan ni. Ṣé o ti fa pín-ìn tó há tensioner, ohun tó ń ti ṣéènì kó le, yọ?

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́:
Ááà. Ó ṣì wà níbẹ̀ sà. Mo ní kí n kọ́kọ́ rí i pé ó bára mu ná.

Bàbá Sípánà:
Mo mọ̀! Ṣéènì dẹ̀, o sì ń yí ẹ́ńjìnnì? Orí ló yọ ọ́. Bó bá fo eyín tí piston pàdé valve tó ṣí sílẹ̀, valve á tẹ̀. Fa pín-ìn yẹn yọ kí tensioner ti ṣéènì le, kí o tó tún wò ó. Ibi tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí sí nìkan ni kí o máa yí i sí. Bí o bá kọjá máàkì, má dá a padà sẹ́yìn, tún un yí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì:
Wíwúwo àti fífúyẹ́ yẹn, spring valve ni. Yọ plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà má máa bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bó bá dúró gbagidi bí irin tó kan òkúta, sọ sípánà sílẹ̀. Má sì fi stáátà dán an wò o. Ọwọ́ máa ń mọ̀ bí nǹkan bá kanra, stáátà ò mọ̀.

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́:
Mo ti fà á yọ, ó dún tá! Mo tún yí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dúró níbì kankan. Ti afẹ́fẹ́ wà nípò, ti èéfín wá fi odidi eyín kan yẹ̀. Eyín kan péré, ṣé kò lè máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Gìrìsì-lọ́wọ́:
Fi 36 pín 360: dígírì 10 lórí camshaft, 20 lórí crank. Ìyẹn kì í ṣe péré. Ó lè dáná, ṣùgbọ́n á máa gbọ̀n, kò ní lágbára, á sì máa mu epo. Bí camshaft ti èéfín bá ní sensor, kóòdù P0017, tó ń sọ pé crank àti camshaft ò bára mu, lè yọ.

Bàbá Sípánà:
Fọ́tò rẹ jẹ́rìí pé o so ó dáadáa. Ìgbà tí o ń yí i ló fò. Ti tensioner padà, fi pín-ìn há a, bọ́ ṣéènì. Yí crank kúrò níbi tí piston ti wà lókè pátápátá ní bí dígírì 90, kí piston mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàárín sílíńdà, kí o tó fọwọ́ kan camshaft, àyàfi bí ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ bá sọ ọ̀tọ̀. Fi sípánà di camshaft mú níbi onígun mẹ́fà, dá máàkì rẹ̀ padà, kí o tó dá crank padà sí máàkì tirẹ̀. Láti crank, gba ẹ̀gbẹ́ guide (ohun tí ṣéènì ń rìn lé) tí kì í mira lọ sí camshaft àkọ́kọ́, kó le. Láti ibẹ̀ dé ìkejì, kó le. Ọ̀dọ̀ tensioner ni kí gbogbo dídẹ̀ rẹ̀ parí sí. Fa pín-ìn KÍ O TÓ YÍ NǸKAN KAN.

Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì:
Kí o tó dáná, yọ fíúùsì pọ́ǹpù epo, fi stáátà yí i díẹ̀díẹ̀ kí ọ́ìlì dé tensioner. Wọn kọmpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́, nígbà náà. Sílíńdà tí valve rẹ̀ bá tẹ̀ á ré lẹ́yìn àwọn yòókù gan-an.

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́:
Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọ̀gá mi! Máàkì bára mu lẹ́yìn yíyí méjì, mo tún yí i ní méjì sí i torí ìbẹ̀rù. Kọmpírẹ́ṣọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo dáná sí i, ó dún ṣàkàṣàkà díẹ̀, ó bá dákẹ́, ó ń rọra ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ti dé o. Ó ní ṣebí òun ti sọ pé kí n tú u.