Wàrà ni Kamal ń bèèrè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Kamal, Ìlọrin
Ẹ salaamu alaekum o. Kamal mi, ọmọ ọdún 14, fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Íńdíà la ti lọ pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fún un. Oṣù kẹrin rèé. Oúnjẹ ló wá di ogun báyìí. Ó ní bí ẹni lá irin lẹ́nu òun ń ṣe: àmàlà ò wọlé, ẹran ò wọlé, àfi wàrà. Màmá mi sì ti gbé e wá láti Òmù-Àrán, pẹ̀lú àgbo ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo kó méjèèjì pamọ́, wọ́n ń bínú. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?

Bàbá Táyé, Ọ̀fà
Ẹ fún ọmọ ní wàrà jàre. Ṣebí orí iná ni Fúlàní ti ń gbé e kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Bàbá Táyé, ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sè é, omi ewé bomubomu ni wọ́n sì fi ń mú un dì. Lẹ́yìn iná ńkọ́? Nínú igbá ló ń wà látàárọ̀ dọ̀sán lọ́jà, gbogbo ọwọ́ ló ń bọ ibẹ̀. Tí èmi àti ẹ̀yin bá jẹ ẹ́, inú lè run wá, ó tán. Àwọn ọmọ ogun ara Kamal ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, wọ́n tún ń fi oògùn tẹ̀ wọ́n lórí ba kí ara rẹ̀ àti mùdùnmúdùn àlejò má baà bá ara wọn jà. Dókítà ló máa sọ ọjọ́ tó lè jẹ wàrà. Fùrá, gàárì mímu, súyà ìta, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ cyclosporine tàbí tacrolimus ni oògùn tó ń lò yẹn, kò gbọdọ̀ jẹ grapefruit rárá, ọsàn ńlá kíkorò yẹn. Ó máa ń mú kí oògùn náà pọ̀ jù lára. Ẹyin tó sè líle, ẹja tó jinná, mọ́ín-mọ́ín: díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́.

Adé Òró
Èmi náà ṣe é. Ẹnu mi rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ gba ṣíbí irin lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ti ike. Àgbo ẹ̀jẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, irin inú ẹ̀jẹ̀ náà lè ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára tèmi kí irin náà lè dín kù!

Ìyá Kamal
Háà, ẹ ṣeun. Ó fi ṣíbí ike lá ògì díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Màmá ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ti din wàrà náà, àwọn àti bàbá Kamal ti jẹ ẹ́ tán. Kamal ń gbóòórùn rẹ̀ láti yàrá, ojú rẹ̀ le koko.