Wọ́n gbà mí wọlé fún International Tourism Management, bàbá mi ní akáńtì ni kí n kà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá ni mo ń wá. Yunifásítì ti gbà mí láti wá ka International Tourism Management, ìyẹn ìṣàkóso ìrìnàjò afẹ́ káàkiri àgbáyé, ọdún mẹ́rin ni, ọdún kẹta nínú ẹ̀ máa jẹ́ íntánṣíìpù ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìnàjò. Inú mi dùn débi pé mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn wọlé. Ìgbà tí mo wá fi han bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yí padà, wọ́n kà á lákàtúnkà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n ní ṣé ọdún mẹ́rin gbáko ni èèyàn fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àlejò gbé báàgì. Akáńtì ni wọ́n fẹ́ kí n kà. Mi ò bá wọn jiyàn o, owó wọn ni, àti pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀ torí mo mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ní dìgírì kankan, mo tún rántí bí Kòrónà ṣe ti pápákọ̀ òfuurufú pa lọ́dún 2020 tí wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ.

Kí ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ gan-an? Ìṣirò ńkọ́, torí mi ò já fáfá nínú ẹ̀? Ṣé tí mo bá jáde iṣẹ́ á wà, àbí ìdí káńtà ni màá wà tí màá máa kí àlejò káàbọ̀ títí ayé? Ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi ẹ jọ̀ọ́.

OníYàrá

Àbúrò, kú oríire o. Kọ́ọ̀sì yìí ni mo kà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti jáde, orí iye tí wọ́n ń ta yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà yẹn. Bí èmi náà ṣe ń wọlé ní ọdún kìíní, mo rò pé àwòrán ìlú àti òkun ni wọ́n máa fi hàn wá, ọ̀sẹ̀ kìíní la ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó, òfin àdéhùn, bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà, bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Ìrìnàjò afẹ́ fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bíi ọjà tí wọ́n ń tà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣe àpẹẹrẹ kó lè yé ẹ. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọjà tí èèyàn lè kó pa mọ́. Yàrá tó bá ṣófo lálẹ́ òní, owó alẹ́ òní ti wọmi nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè tà á lọ́la. Àga inú báálù náà bẹ́ẹ̀, tó bá ti gbéra ó ti parí. Torí ẹ̀ ni iye wọn kì í fi í dúró lójú kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi, lẹ́yìn tí ìjọba wọn yọwọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1978, American Airlines ló múpò iwájú níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wá kọ́ ọ lára wọn.

Tóò, ká ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní yàrá 100. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ta 80 ní 50 50, owó tó wọlé jẹ́ 4,000. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé e sókè sí 70, yàrá 60 péré ló lọ, owó tó wọlé jẹ́ 4,200. Ọjọ́ wo ló dáa jù? Ẹni tó bá ka orí àlejò á ní ọjọ́ kìíní. Àwa máa ń pín owó yẹn sí gbogbo yàrá tó wà nílẹ̀, èyí tó ní èèyàn àti èyí tó ṣófo, ọjọ́ kìíní á fún wa ní 40, ọjọ́ kejì 42. RevPAR là ń pè é. Tún wò ó pé yàrá 60 ni wọ́n máa tún ṣe lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe 80, aṣọ ibùsùn tí wọ́n máa fọ̀ dín kù, àkókò òṣìṣẹ́ dín kù. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ ò ju àròpọ̀, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti ìdá ọgọ́rùn-ún lọ, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó le ni kéèyàn mọ nọ́ḿbà tó yẹ kó bèèrè. Nítorí náà sọ fún bàbá pé akáńtì wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Tíkẹ́ẹ̀tìLọ́wọ́

Màá sọ tèmi o, kí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè yìí má bínú. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò lọ yunifásítì. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ Amadeus, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Sabre, ìyẹn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà yẹn gbogbo nǹkan lèèyàn máa ń fọwọ́ tẹ̀ sórí síkírìnì dúdú, kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, fi ń pe ìlú kọ̀ọ̀kan sórí, bí o bá ṣì lẹ́tà kan, oníbàárà ẹ balẹ̀ síbi tí kò mọ̀. Kò sí lẹ́kíṣọ́rà tó kọ́ mi ní ìyẹn. Bí mo ṣe ń rí àwọn tó ń ti yunifásítì bọ̀ tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà, ó máa ń dùn mí fún wọn.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ẹ àbúrò. Ní ọdún kejìlá mi níbi iṣẹ́, àyè máníjà ṣí sílẹ̀, ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fún, torí ó ní dìgírì, ó sì lè jókòó ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ òfuurufú kó mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Èmi ò lè kà á bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ó ká mi lára gan-an, ó ṣì ń ká mi lára.

Ohun tí mo tún fẹ́ kó o mọ̀ ni ti Thomas Cook. Ọdún 1841 ni ọkùnrin yẹn kó èèyàn bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sínú ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ẹ̀ tó ń ṣètò ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ilé iṣẹ́ tó jogún orúkọ yẹn dojú dé lóru ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà tó lé ní 150,000 wà lókè òkun tó jẹ́ pé ìjọba Bírítéènì ló wá báálù lọ kó wọn wálé. Kì í ṣe pé kò sí oníbàárà o! Gbèsè ló pa wọ́n, àti pé ayé ti ń ra ìrìnàjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì pọ̀ káàkiri. Ẹni tó mọ tíkẹ́ẹ̀tì tà bíi tèmi kò lè rí ìyẹn kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó lè ka ìwé owó ló lè rí i.

IbiÀbẹ̀wò

Ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ hòtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ mẹ́nu bà, apá kan wà tí ẹnì kankan ò tíì fọwọ́ kàn, òun ló sì mú mi dúró sínú iṣẹ́ yìí: ibi tí àlejò ń lọ fúnra ẹ̀, àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ní ọdún kejì wọ́n máa kọ́ ẹ ní ohun tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Butler kọ lọ́dún 1980, pé ibi àbẹ̀wò ní ìgbà èwe, ó ní ìgbà tó ń dàgbà, ó ń dé ibì kan tí kò lè gbà mọ́, lẹ́yìn ìyẹn yálà kó bàjẹ́ tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n á tún kọ́ ẹ ní ti onímọ̀ mìíràn, Doxey, ti ọdún 1975, ìyẹn dá lórí ọkàn àwọn onílé: àlejò á kọ́kọ́ dé inú wọn á dùn, tó bá yá wọn ò ní kà á sí mọ́, tó bá tún pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn nínú, ní ìgbẹ̀yìn wọ́n á dojú ìjà kọ ọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á mo rò pé àsọdùn ni. Wo Venice ní Ítálì báyìí, àwọn ará ìlú ń kó jáde torí ilé ti di ti àlejò, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò 5 lọ́wọ́ ẹni tó bá wá lówùúrọ̀ tó fẹ́ lọ lálẹ́, láwọn ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Wo Maya Bay ní Thailand, iyùn inú òkun ibẹ̀ bàjẹ́ nítorí ọkọ̀ ojú omi àti ẹsẹ̀ èèyàn, ìjọba tì í pa lọ́dún 2018, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i, ọkọ̀ ò sì lè wọ iwájú ibẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn erékùṣù ni wọ́n ń já èèyàn sí. Ẹnì kan ló jókòó ṣírò iye èèyàn tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣe irú ìṣirò yẹn, kọ́ọ̀sì yìí ló kà tàbí èyí tó sún mọ́ ọn. Ìjọba ìlú ń gbà wọ́n, ọgbà ẹranko ń gbà wọ́n, àwọn tó ń tọ́jú ibi àjogúnbá náà ń gbà wọ́n.

Ti Kòrónà tó o sọ, òótọ́ ni. Lọ́dún 2019 àwọn tó rìnrìn àjò lọ sùn sí orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tiwọn súnmọ́ bílíọ̀nù kan ààbọ̀, ní 2020 ó já wálẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù irínwó. Mo wà lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò lè ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2024 iye yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ tó ń ṣubú kíákíá ni, tó tún ń dìde. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tí mìmì kan ò lè mì, kó má wá síbí.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo gbé ìṣirò yàrá 100 yẹn lọ bá bàbá mi ní àná lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ìgbà tó yá wọ́n ní kí n mú bíró wá. Wọ́n ṣe é tiwọn, wọ́n wá ní kí n bi ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn àlejò ogún tí kò wá lọ́jọ́ kejì yẹn, ṣé wọn ò bá ti jẹun níbẹ̀, kí wọ́n mu, kí wọ́n fọṣọ? Wọ́n ní a ò ka owó yẹn. Mi ò mọ èsì tí màá fún wọn.

Ìbéèrè tèmi: ọdún íntánṣíìpù yẹn ń bà mí lẹ́rù, mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi èèyàn ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Èdè ńkọ́, ṣé mo gbọ́dọ̀ kọ́ òmíràn?

ỌdúnKẹrin

Ti íntánṣíìpù yẹn, èmi ni kó o bi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni. Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo lọ fi mí sí ìdí aṣọ fífọ̀ fún oṣù márùn-ún nínú oṣù mẹ́fà tí mo lò níbẹ̀, mo ń ká aṣọ ìnura títí ọwọ́ mi fi bó, ẹnì kankan láti ilé ìwé ò wá wò mí, ìgbà tí mo wá fẹ́ kọ ìjábọ̀ mi kí ni mo fẹ́ kọ? Mo sunkún. Iṣẹ́ aṣọ ò burú, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, àmọ́ oṣù kan tó. Kí o tó tọwọ́ bọ ìwé kankan, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o máa yí ká: ìdí káńtà, yàrá títọ́jú, ilé oúnjẹ, àwọn tó ń wá oníbàárà, àwọn tó ń dá iye lé yàrá. Kí wọ́n kọ iye ọ̀sẹ̀ sí ìkọ̀ọ̀kan. Bi ilé ìwé pé ta ló ń wá wo akẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́, ìgbà mélòó, àti ibi tí àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá wà báyìí. Tí wọ́n bá ń kólòlò lórí ìbéèrè kẹta yẹn, kí ojú ẹ là.

Èdè, bẹ́ẹ̀ ni, kọ́ ọ. Àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́ ti pọ̀ jù níbi iṣẹ́ yìí, tó bá jẹ́ òun nìkan ni ìwọ náà gbọ́, o ò yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Faransé tàbí ti Sípéènì, láti sẹ́mẹ́sítà kìíní, kó o lè fi ọdún íntánṣíìpù sọ ọ́.

OníYàrá

Ha, bàbá yìí! Àbúrò, sọ fún wọn pé wọ́n ti wọ kíláàsì ọdún kejì. Ohun tí wọ́n bèèrè yẹn gan-an là ń pè ní TRevPAR, ìyẹn ni kéèyàn kó gbogbo owó tí àlejò ná pọ̀, yàrá, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀, kó tó pín in sí iye yàrá. Ká ní àlejò kọ̀ọ̀kan ń ná 15 lé orí owó yàrá, ọjọ́ kìíní á di 5,200, ọjọ́ kejì á di 5,100, èsì ti yí padà nìyẹn, èmi tí mo ní ọjọ́ kejì ló dáa jù ti jẹ̀bi. Àfi tí a bá tún wá yọ ohun tó ń náni láti se oúnjẹ yẹn àti láti tún yàrá ṣe, ìgbà yẹn la máa mọ èrè tó kù, tí a bá pín èrè yẹn sí gbogbo yàrá, ìyẹn tún ní orúkọ tiẹ̀, GOPPAR. Gbé e fún wọn lálẹ́ òní, kó o fi 10 ṣe owó títún yàrá kan ṣe, kó o sì fi 9 ṣe ohun tó ná hòtẹ́ẹ̀lì nínú 15 yẹn. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é fúnra wọn, kó o padà wá sọ èsì tí wọ́n rí fún wa.