Èsì: "agbára nọ́mbà àkọ́kọ́" kò bá ìṣirò mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ ìṣirò, ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé lánàá pé 360 = 2³ × 3² × 5, pé ká máa pe 3 tó wà lórí 2 yẹn ní "agbára nọ́mbà àkọ́kọ́". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ẹ bi ọmọ iléèwé èyíkéyìí l'Óṣogbo níbí pé èwo ni nọ́mbà àkọ́kọ́. Oókan ni yóò pè. Bẹ́ẹ̀ oókan gan-an ni kò sí lára àwọn tí ẹ̀gbọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ("prime number")! 2, 3, 5, 7, 11 là ń wí, àwọn tí kò ṣeé là, àfi kí á fi oókan tàbí àwọn fúnra wọn pín wọn. Èdè wa ti ní "akọ" fún irú wọn: akọ òkúta. Àwọn àgbà ní akọ igi kì í ṣoje. "Akọ nọ́mbà" ni tèmi, ohùn àárín méjèèjì, kì í ṣe "àkọ́". Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò bèèrè abo nọ́mbà, ṣé ó ti gbọ́ kí wọ́n bèèrè abo òkúta rí?

"Agbára" ló bí mi nínú jù. Òyìnbó ló ń pè é bẹ́ẹ̀ ("power"), a kàn gbé e wálé. Iye ìgbà tí 360 gbà kí á fi 2 pín òun ni 3 yẹn ń sọ: 180, 90, 45, ó kọ̀. "Iye ìpín" nìyẹn. Ẹ wo ọ̀nà tí Legendre, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbé jáde lọ́dún 1808. Ẹ sọ 1 dé 100 di púpọ̀ pa pọ̀, kí ẹ wá wá iye ìpín 5 nínú rẹ̀. Ẹ fi 5 pín 100, ó di 20. Ẹ tún fi 5 pín 20, ó di 4. 4 kò tó pín mọ́. 20 àti 4, ó di 24. (Bí nǹkan bá ṣẹ́kù lójú ọ̀nà, ẹ jù ú nù.) Ti 2 jẹ́ 97, ó pọ̀ ju ti 5 lọ; 2 kan àti 5 kan ló sì ń ṣe 10, ìdí nìyẹn tí òdo 24 fi tò sí ìparí èsì náà. Ìpín ni gbogbo rẹ̀, níbo ni agbára ti wọlé?

Àwọn tó ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́ ṣe ọ̀kẹ́ kan ní 20,000. Ẹ tú u: 2⁵ × 5⁴, iye ìpín 2 jẹ́ 5, ti 5 jẹ́ 4, kò sí akọ nọ́mbà mìíràn níbẹ̀. Ìyá ìyá mi, aláró ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń pín obì, "ó dọ́gba" tàbí "ó ṣẹ́kù" ni wọ́n ń wí, wọn kò dárúkọ "agbára".

Ẹnì kan ní "iye ìpín" jọ ọ̀rọ̀ ogún ìdílé pínpín. Ó dáa, ká fi "ìgbà" sí i: "iye ìgbà ìpín". Ṣùgbọ́n kó má fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n pa wá lẹ́nu mọ́. Àwọn tó kọ́ wa ní òǹkà kò gboyè kankan.

Tí a bá ṣe 1 dé 1000, iye ìgbà ìpín 5 jẹ́ 249: 200, 40, 8, 1. Kí ẹ̀gbọ́n fi "agbára" ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ JSS 3, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbí ká kà á.