Ta ni wọ́n ti ya àwòrán ọpọlọ ọmọ rẹ̀ láti àwùjẹ̀ rí?

Ìyá Àánú: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi bímọ, oṣù ọmọ ò pé. Dókítà fẹ́ fi síkáànù wo ọpọlọ rẹ̀, kí ó rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i, ẹ bá wa sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì: Wọ́n ṣe é fún Táyé àti Kẹ́hìndé wa, lójú mi ni. Wọn ò gbé wọn kúrò nínú ínkúbétọ̀. Wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì pa àwùjẹ̀ wọn, wọ́n gbé ojú ẹ̀rọ kékeré lé e. Ni mo bá rí pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú! Mo ní ẹ̀jẹ̀ ti dà! Dókítà ní rárá, pupa ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, búlúù lèyí tó ń lọ. Táyé sùn títí wọ́n fi parí. Kẹ́hìndé ló figbe ta.

Adúnní: Ṣé iná X-ray yẹn ò ní ṣe wọ́n ní jàǹbá?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Kì í ṣe X-ray, ìró tétí ò lè gbọ́ ni. Egungun kì í jẹ́ kó kọjá dáadáa, àmọ́ àwùjẹ̀ ìkókó ò tíì dí. Ọmọ tí wọ́n bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ ò tíì lágbára, ó lè bẹ́, pàápàá láàrin ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ìyá Rẹ̀mí: Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú ti ọmọ tèmi. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo sunkún. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, ó ti ń gbẹ. Ó ti ń lọ síléèwé báyìí, ẹnu rẹ̀ ò sinmi.

Adúnní: Ọlọ́run ṣeun!

Màmá Ṣàgámù: A kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ. Òrí nìkan là ń fi pa á.

Àkàndé: Òrí ṣì dáa, Màmá. Ọṣẹ ìfọyín làwọn kan ń fi lé e nílé wa!

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Háà! Tí àwùjẹ̀ bá jìn wọnú, omi lè ti ń tán lára ọmọ. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má fi nǹkan kan bò ó.

Ìyá Ṣadé: Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ọdún 6 mi tó jẹ́ SS. Ẹ̀bátí ni wọ́n gbé e lé. Wọ́n ní tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń sáré tó sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu rọpárọsẹ̀ pọ̀. Tiẹ̀ ga, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Àkàndé: Ìlú wo nìyẹn? SS ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa rí.

Ìyá Ṣadé: Ìbàdàn ni. Ọmọ ọdún mélòó ni?