Síkáànì ọkàn ní pàjáwìrì: ẹ jẹ́ ká yọ ibùsùn kúrò nínú orúkọ yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń kà lọ bíi tèmi. Mo ti rí orúkọ méjì tẹ́ ẹ mú wá fún síkáànì ọkàn táwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ pàjáwìrì ń kọ́, ẹnì kan ní "àyẹ̀wò ọkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn", ẹlòmíì ní "gbohùngbohùn ọkàn". Ẹ má bínú, mi ò gba ìkankan.

"Gbohùngbohùn" ò jìnnà sóòótọ́ o, torí ìró tó lọ tó sì padà bọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán. Àmọ́ etí la fi ń gbọ́ gbohùngbohùn, èyí tó bá ti kọjá 20,000 hertz (ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kò sétí èèyàn tó lè gbọ́ ọ, ti próòbù ọkàn, ohun èlò tí wọ́n ń gbé lé àyà, sì wọ mílíọ̀nù.

Ibùsùn yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Síkáànì ọkàn kíkún, irú èyí tí dókítà Edler àti onímọ̀ físíìsì Hertz dá sílẹ̀ ní Lund ní Sweden ní 1953, òun náà ṣeé gbé lọ bá aláìsàn níbi tó sùn sí, síbẹ̀ ẹlòmíì lè yà á kí dókítà ọkàn wá kà á tó bá yá. Ti pàjáwìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú ẹni náà lọ́wọ́ ló gbé próòbù lé àyà, òun ló wò ó, òun náà ló máa sọ ohun tó kàn lójú ẹsẹ̀, ìbéèrè tó sì fẹ́ dáhùn ò pọ̀: ṣé ọkàn ń fún dáadáa, ṣé omi ti yí i ká, ṣé yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá há sí ẹ̀dọ̀fóró? Tó bá jẹ́ pé ọkàn ti dúró tí wọ́n ń tẹ àyà, ìgbà tí wọ́n bá dáwọ́ dúró ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, ta ló fẹ́ máa wọn nǹkan níbẹ̀?

Torí náà "àwòdáhùn ọkàn" ni mo mú wá, bá a ṣe ṣe àwòkọ́ṣe náà ni. Ó tún ṣeé pín lẹ́nu, ọ̀gá lè sọ fún ọmọṣẹ́ pé "lọ wo ọkàn bàbá yẹn dáhùn", kó sì yé e pé kò gbọdọ̀ kàn wá sọ fóun pé òun ti wò ó. ACEP, ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya irú síkáànì yìí 25 sí 50 tí ọ̀gá yẹ̀ wò, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ọkàn tó dá ṣáṣá, ìdáhùn wo ló ti kọ́?

"Fèrèsé" tẹ́nì kan ń bú, ìyẹn orúkọ ibi tí ìró ń gbà dé ọkàn, ẹ fi sílẹ̀. Eegun àti afẹ́fẹ́ ń dí ìró lọ́nà, àárín egungun ìhà tàbí abẹ́ igbáàyà lèèyàn máa wá ọ̀nà gbà wọlé, orúkọ yẹn bá a mu.

Àmọ́ "dókítà olùgbé" tẹ́ ẹ ń pe àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ yìí! Ṣé ilé ló ń gbà níbẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní rẹ́sídẹ́ntì jàre.