Ọmọ mi gba mẹ́dààlì ní kílọ́ọ̀bù ìlúwẹ̀ẹ́: báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún ilé-ìwé rẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 11, Year 6 ló wà níbí ní England. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí kílọ́ọ̀bù ìlúwẹ̀ẹ́, ti Ọjọ́rú sì jẹ́ aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ó wọ ìdíje káúńtì lọ́dún yìí, ó gba mẹ́dààlì idẹ nínú 100 mítà backstroke (ìyẹn fífi ẹ̀yìn wẹ̀). Ilé-ìwé rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ń tòògbé ní kíláàsì lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Nígbà tí wọ́n sì kó wọn lọ sí púùlù, àárín àwọn tí ò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni wọ́n fi í sí, òun náà ò sì la ẹnu.

Ta ni kí n kọ̀wé sí? Kí ni kí n kọ? Bàbá rẹ̀ ní ká má sọ, pé wọn á ní à ń fọ́nnu, pé kì í ṣe gbogbo ojú ló yẹ kó rí nǹkan ọmọ ẹni.

Tíṣà Folúkẹ́:
Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Ẹ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ máa tọrọ àyè fún un. Ìwé tó bá kọ́kọ́ dé pẹ̀lú "ẹ jẹ́ kó lọ" máa ń dà bíi pé àwáwí ni gbogbo rẹ̀.

Olùkọ́ kíláàsì ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Olùkọ́ ló ń rí ọmọ láti àárọ̀ dọ̀sán, òun ló ń pín wọn sí ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí púùlù, òun náà ló sì sábà máa ń kó orúkọ àwọn tí wọ́n máa kí ní àsẹ́ńbílì lọ. Bí ẹ ò bá ní ímeèlì rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, kí ẹ kọ orúkọ olùkọ́ àti kíláàsì sókè. Ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ọmọ bíi 30 ló ń wọlé lásìkò yẹn, òmíì ń ké, òmíì ò rí báàgì rẹ̀. Kí wọ́n tó pe rẹ́jísítà tán, ohun tí ẹ sọ ti fò lọ.

Ní ti ẹgbẹ́ tí wọ́n fi í sí: ètò-ẹ̀kọ́ England ní kí ọmọ lè wẹ 25 mítà, ó kéré tán, kó tó kúrò ní Year 6, kó mọ oríṣi ìwẹ̀ bíi mélòó kan, kó sì lè gba ara rẹ̀ là nínú omi. Ilé-ìwé púpọ̀ máa ń fi fọ́ọ̀mù béèrè lọ́wọ́ òbí bóyá ọmọ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ibi tí omi ò jìn ni wọ́n máa fi ọmọ sí nítorí ààbò. Gbólóhùn kan péré ló máa tún un ṣe.

Kí ìwé yín má ju ìlà mẹ́jọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́ ránṣẹ́, àmọ́ bó ṣe yẹ kó tò nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ mi wà ní kílọ́ọ̀bù ìlúwẹ̀ẹ́ (orúkọ kílọ́ọ̀bù). Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ló ń lọ. Ti Ọjọ́rú jẹ́ 5:30 sí 7:00 àárọ̀. Ní ìdíje káúńtì (ọjọ́ àti oṣù), ó gba ipò kẹta nínú 100 mítà backstroke láàárín àwọn ọmọbìnrin ọdún 11. Èsì rẹ̀ wà nínú ìwé yìí. Ohun mẹ́ta ni mo ń tọrọ: kí ẹ gbé e lọ sáàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú, kí ẹ sì pè mí bí àárẹ̀ rẹ̀ bá ń dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ẹ lè kí òun ní kíláàsì, àmọ́ òun ò fẹ́ jáde síwájú gbogbo ilé-ìwé."

Ìwé tí kò tọrọ nǹkan kan, "ẹ kú oríire" ni wọ́n máa dá padà, ó parí. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn náà ṣe pàtàkì. Ẹ bi ọmọ kí ẹ tó kọ ọ́, nítorí olùkọ́ tí inú rẹ̀ dùn lè pe ọmọ onítìjú jáde níwájú ọmọ igba.

Akọ̀wé Kílọ́ọ̀bù:
Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti Tíṣà. Olùkọ́ tí kò mọ̀ nípa ìlúwẹ̀ẹ́, bí ẹ bá sọ fún un pé "1:22.40 ló wẹ̀", kò yé e. Orúkọ ìdíje, ọjọ́ rẹ̀, ìjìnnà àti irú ìwẹ̀, ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, ipò: ìyẹn ló máa yé e. Kí ẹ wá fi gbólóhùn kan kún un pé ọmọ ní láti kọ́kọ́ wẹ àkókò kan tí káúńtì là sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Láìsí èyí, wọ́n á rò pé gbogbo ọmọ tó bá san owó ló ń lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ àkókò, ẹ kọ gígùn púùlù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àkókò inú púùlù 25 mítà máa ń yá ju ti 50 mítà lọ, torí pé nínú 100 mítà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ máa yí padà tó sì máa fi ẹsẹ̀ ti ògiri. Nínú ti 50 mítà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Òbí tó bá fi ti oṣù kejìlá nínú 25 mítà wé ti oṣù karùn-ún nínú 50 mítà á máa rò pé ọmọ òun ń rẹ̀yìn.

Ìdíje tí Swim England, àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ ní England, fún ní ìwé-àṣẹ pín sí ìpele mẹ́rin. Level 1 inú púùlù 50 mítà ni, Level 2 inú 25 mítà, Level 4 sì wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gálà tí kílọ́ọ̀bù ṣe láàárín ara wọn yàtọ̀ sí ìdíje káúńtì. Ẹ má pe ti abẹ́lé ní ìdíje káúńtì o. Bí olùkọ́ kan bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò rí i, kò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́.

Ìwé èsì máa ń ní orúkọ ọmọ ẹlòmíràn àti ọdún ìbí wọn. Ìlà ọmọ yín nìkan ni kí ẹ gé ránṣẹ́. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń jẹ́ orúkọ kan ní kílọ́ọ̀bù tó sì ń jẹ́ òmíràn nínú rẹ́jísítà ilé-ìwé. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì kọ bí wọ́n ṣe ń pè é, kí wọ́n má baà fọ́ orúkọ ọmọ mọ́ ọn lẹ́nu lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀.

Ti fọ́tò: ẹ má fi èyí tó wọ aṣọ ìwẹ̀ ránṣẹ́. Tracksuit lára, mẹ́dààlì lọ́rùn, ògiri lásán lẹ́yìn. Kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ àti aago tó ń lọ sí púùlù, olùkọ́ nìkan ló wà fún, kò gbọdọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ilé-ìwé tàbí lórí Facebook wọn. Orúkọ ọmọ, àwòrán rẹ̀, àti ibi tí èèyàn ti lè pàdé rẹ̀ ní ìdájí Ọjọ́rú kò gbọdọ̀ wà lójú kan.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìdíje kan tún ń bọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan ní kí n kàn sọ pé ara rẹ̀ ò yá. Ṣé ìyẹn ò ní dá wàhálà sílẹ̀?

Bàbá Tóbi:
Ẹ má parọ́ àìsàn mọ́ ọmọ o, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ló máa gbé irọ́ náà lọ sílé-ìwé ní Ọjọ́ Ajé, èsì ìdíje sì máa wà níta fún gbogbo ayé.

Ẹ kọ̀wé tọrọ àyè sí ọ̀gá ilé-ìwé ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú dára. Wọn kì í fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti kọjá. Òbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀, kóòṣì ò lè bá yín tọrọ rẹ̀. Kí ẹ so ìwé kílọ́ọ̀bù mọ́ ọn, àti ètò ìdíje tó fi aago warm-up hàn, ìyẹn ìgbà tí wọ́n á wọ omi láti na ara kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí warm-up bá jẹ́ aago mẹ́rin, ẹ má tọrọ odidi ọjọ́. Ẹ kọ aago tí ẹ máa wá mú un gan-an.

Àmì méjì ni ọ̀gá ilé-ìwé lè lò nínú rẹ́jísítà. P wà fún eré ìdárayá tí ilé-ìwé gbà pé ó jẹ́ ẹ̀kọ́, tí ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí sì ń bójú tó ọmọ níbẹ̀. Wọn kì í ka ìyẹn sí pípa ilé-ìwé jẹ. C ni àyè tí wọ́n fún un nítorí ìdí pàtàkì. Ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà, wọ́n sì lè kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ tí ẹ ṣì mú un lọ, O ni wọ́n máa kọ, ìyẹn pípa ilé-ìwé jẹ tí wọn ò fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn: ní England, láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìgbà tí irú O yìí bá pé 10 láàárín ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé 10 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò. Ọjọ́ kan jẹ́ méjì, àárọ̀ kan, ọ̀sán kan. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì kan jẹ́ ẹyọ kan. £80 ni fún òbí kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di £160 bó bá kọjá ìyẹn títí di ọjọ́ 28. Ọ̀sán kan ò lè gbé yín débẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ gbogbo oṣù lẹ ń ṣe é pẹ̀lú ọlidé lórí rẹ̀, yóò pé. Scotland àti Wales ní òfin tiwọn.

Ohun kan tún wà: bí wọ́n bá ti pe rẹ́jísítà ọ̀sán tí ọmọ sì jẹ́ níbẹ̀, àmì pé ó wá ti wà lórí ìwé. Ilé-ìwé míì á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wá mú un lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ béèrè. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé ìjáde ní ọ́fíìsì.

Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́:
Àbúrò mi, ẹ bá mi kí bàbá wọn. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ohun tá a máa fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ fi ìwé tí Tíṣà kọ yẹn hàn wọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n wá ìfọ́nnu níbẹ̀. Ohun tó ń sọ nǹkan di ìfọ́nnu ni "kò sí irú rẹ̀", "òun ló mọ̀ ọ́n jù", àti kíkọ ọ́ sí WhatsApp àwọn òbí kíláàsì níbi tí ọmọ ẹlòmíràn ti ń gbìyànjú 25 mítà. Ọjọ́, ìjìnnà àti ipò kì í fọ́nnu. Ẹ̀ẹ̀kan ní sáà kan sì tó, àfi bí ìpele rẹ̀ bá yí padà.

Ní ti ọmọ tí ò sọ bẹ́ẹ̀ ni tí ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́nu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Ẹ má bi í pé "ṣé o fẹ́?" torí "hẹ̀n" ni yóò sọ. Ẹ là á sílẹ̀ fún un: olùkọ́ nìkan ni kó mọ̀, tàbí kíláàsì, tàbí gbogbo ilé-ìwé? Ẹ jẹ́ kó sùn lé e lórí.

Kóòṣì Dàpọ̀:
Torí pé Year 6 ni, ẹ rántí oṣù kẹsàn-án. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa fi ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí ilé-ìwé girama. Ẹ kọ tuntun lọ́sẹ̀ kejì tó bá wọlé, sí olùkọ́ tó ń bójú tó kíláàsì rẹ̀ àti sí olórí eré ìdárayá. Mẹ́dààlì ò sì lè gba àyè fún un ní ilé-ìwé ìjọba lásán: òfin ìgbaniwọlé ò jẹ́ kí wọ́n lo ìròyìn ilé-ìwé àtijọ́ nípa àṣeyọrí ọmọ. Àwọn ilé-ìwé díẹ̀ lè yan tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nípa ẹ̀bùn eré ìdárayá, àmọ́ ìdánwò tiwọn ni wọ́n ń lò.

Bó bá fẹ́ ṣe eré ìdárayá ní GCSE (ìdánwò ilé-ìwé girama), ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà fún ṣíṣe é gan-an, nínú eré mẹ́ta: ọ̀kan ti ẹlẹ́gbẹ́, ọ̀kan ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀kẹta èyí tó bá wù ú. Ìlúwẹ̀ẹ́ wà lára ti ẹnì kan ṣoṣo. Níbi tí olùkọ́ ò ti lè wá wò ó ní púùlù, fídíò ni wọ́n máa fi gba máàkì, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń bàjẹ́: òbí dúró sẹ́yìn, gbogbo ọmọ dé fìlà kan náà, kò sẹ́ni tó mọ ta ni ta. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ nọ́ńbà ìlà rẹ̀ sókè kí wọ́n tó fọn fèrè, kí ẹ gba ìbẹ̀rẹ̀, ìyípadà àti ìparí láìgé e. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù ṣáájú, torí púùlù ò gbà kí èèyàn kàn máa ya fídíò ọmọ.

Ìyá Àdùkẹ́:
Mo ti fi ránṣẹ́. Bàbá rẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ kan ló yọ kúrò. Ọmọ ní kí wọ́n pe orúkọ òun ní àsẹ́ńbílì, àmọ́ òun ò ní sọ̀rọ̀. Ṣé kó mú mẹ́dààlì lọ?

Tíṣà Folúkẹ́:
Kó mú un lọ, mà. Kí ẹ fi bíróò kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn rìbọ́ọ̀nù, kí ẹ dì í sínú ápò kékeré, kó fi lé ọ́fíìsì lọ́wọ́ kó tó wọ kíláàsì. Ní ọjọ́ kan náà ni kó gbà á padà. Kí ó má fi sínú báàgì tí wọ́n ń gbé kọ́ sí kọ́ríńdò o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọnù.