Ó ti yanjú: "Permission denied" lórí Ubuntu

Ẹ̀yin ará, sọ́fítíwià tí mo béèrè nípa rẹ̀ níbí, tí mo ní ó kọ̀ tí ò wọ láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù wa ní Kubwa tó ń lo Ubuntu (irú Linux kan), tó ń gbé "Permission denied" (pé kò sí àyè) jáde ṣáá, ó ti wọlé o. Fáìlì .run (tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwià wọ kọ̀ǹpútà) ni, inú fúláàṣì ló wà, mo ṣe chmod +x (àṣẹ tó ń fún fáìlì ní x, ìyẹn pámíṣọ̀n láti ṣiṣẹ́), mo fi sudo (agbára ọ̀gá kọ̀ǹpútà) sí i, kò gbà. Bọ̀dá tó wà ní Kaduna ló ní kí n tẹ ls -l (àṣẹ tó ń fi pámíṣọ̀n fáìlì hàn) lẹ́yìn chmod yẹn, ni mo bá rí i pé -rw-r--r-- ló ṣì wà níbẹ̀, x kankan ò wọlé, bẹ́ẹ̀ chmod ò sọ pé nǹkan kan ṣe òun! FAT32 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú fúláàṣì) ni fúláàṣì yẹn, kì í tọ́jú pámíṣọ̀n Linux rárá, Ubuntu fúnra ẹ̀ ló ń pín in tó bá ti so fúláàṣì mọ́ra, .exe, .com àti .bat nìkan ló sì ń fún ní x. Mo kọ́pì fáìlì náà sí home (fódà tèmi lórí díìsìkì kọ̀ǹpútà), mo tún chmod ṣe níbẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Chmod 777 (tó ń fún gbogbo èèyàn ní gbogbo pámíṣọ̀n lórí fáìlì) tẹ́nìkan dábàá nígbà tí mo béèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí FAT32, lórí díìsìkì kọ̀ǹpútà gan-an ẹnikẹ́ni tó bá wọlé síbẹ̀ á lè yí fáìlì yín padà.

Bọ̀dá, ẹ ṣeun gan-an ni.